Ikùn, Ọrùn àti Oorun: Ìyàtọ̀ Láàrin Ọkùnrin àti Obìnrin Nínú Ìbáṣepọ̀ Ọ̀rá Ikùn àti Ìdádúró Èémí Lójú Oorun

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí ọ̀rá ikùn ṣe ń kópa nínú àìsàn ìdádúró èémí lójú oorun, àti ìdí tí ipa náà kò fi rí bákan náà lára ọkùnrin àti obìnrin. Ó lo àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀kọ́ fónẹ́tíìkì Yorùbá ti fi lélẹ̀ fún àwọn ẹ̀yà ara ìfọ̀ láti ṣàpèjúwe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀fun ẹni tó ń hanrun. Ó yẹ ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, wò, ó sì fi hàn pé àwọn irinṣẹ́ àyẹ̀wò tó wọ́pọ̀ ń tètè rí ọkùnrin ju obìnrin lọ. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé apá kan nínú àléébù yìí jẹ́ ti ìmọ̀ ìṣègùn, apá kejì sì jẹ́ ti èdè. Apá kejì yìí ni àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá lè bá wọn tún ṣe.

Ìfáàrà

Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé Yorùbá, wọn kì í ka híhanrun sí àìsàn. Bí bàbá bá ti oko tàbí ibi iṣẹ́ dé, tó jẹun yó, tó sì sùn fọnfọn, ìró ìhanrun rẹ̀ ń sọ fún ará ilé pé oorun náà dùn mọ́ ọn. Ikùn tó yọ síwájú pàápàá kì í dẹ́rù bani. Àwọn ènìyàn a máa wò ó bí àmì pé ara ti tu olúwarẹ̀, pé nǹkan ti ń ṣẹnuure fún un. Ọ̀rọ̀ obìnrin yàtọ̀. Obìnrin tó bá ń hanrun ni wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà, nítorí náà, ó wọ́pọ̀ kí ó fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́, kódà fún dókítà.

Ìṣesí méjèèjì yìí ló ń bo àìsàn kan mọ́lẹ̀. Ti ọkùnrin farahàn, ṣùgbọ́n wọ́n ń pè é ní ìgbádùn. Ti obìnrin fara pamọ́, wọn a sì máa pè é ní orúkọ mìíràn: àárẹ̀, ìrònú, àìróorunsùn tàbí ọjọ́ orí. Àìsàn náà ni ìdádúró èémí lójú oorun. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet Respiratory Medicine ní 2019 ṣírò rẹ̀ pé ó tó 936 mílíọ̀nù ènìyàn láàrin ọmọ ọgbọ̀n ọdún sí mọ́kàndínláàádọ́rin lágbàáyé tó ní in, bó ti wù kó kéré mọ. Ó bá ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àrùn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀ rìn, ó sì ń fa jàǹbá ọkọ̀ nítorí pé ẹni tí kò sùn dáadáa lóru yóò tòògbé lọ́sàn-án.

Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: kí ló pa ikùn pọ̀ mọ́ èémí, kí ló sì dé tí okùn tó so wọ́n pọ̀ lára ọkùnrin fi yàtọ̀ sí ti obìnrin?

Ohun tí ìdádúró èémí jẹ́

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá mọ ojú ọ̀nà tí èémí ń gbà ju bí wọ́n ti rò lọ. Ẹ̀kọ́ fónẹ́tíìkì ti kọ́ wọn pé èémí ń ti inú ẹ̀dọ̀fóóró jáde, ó ń gba kòmóòkun kọjá dé gògóńgò níbi tí tán-án-ná wà, kí ó tó wọ káà ọ̀fun, kí ó sì gba ẹnu tàbí imú jáde. Wọ́n mọ̀ pé àfàsé lè gbéra sókè láti dí ọ̀nà imú, ó sì lè wálẹ̀ láti ṣí i. Wọ́n mọ ẹ̀yìn ahọ́n àti iṣẹ́ tó ń ṣe nígbà tí a bá pe [k] tàbí [g].

Ohun kan wà tí ẹ̀kọ́ náà kì í sábà mẹ́nu bà: káà ọ̀fun kò ní egungun tó gbé e ró yípo. Kòmóòkun ní kérékéré tó mú un dúró gbọingbọin bí páìpù, ṣùgbọ́n káà ọ̀fun dà bí àpò aṣọ tó rọ̀. Iṣan ló ń fà á sílẹ̀ kí ó má baà pàdé. Nígbà tí ènìyàn bá lajú, ọpọlọ ń pàṣẹ fún àwọn iṣan wọ̀nyí láì dáwọ́ dúró. Bí oorun bá dé, àṣẹ náà dínkù, iṣan rọ̀, ẹ̀yìn ahọ́n àti àfàsé sì fà sẹ́yìn. Bí ọ̀nà bá fún díẹ̀, èémí tó ń gba ibẹ̀ kọjá yóò mú kí àfàsé àti ògiri ọ̀fun máa gbọ̀n. Ìgbọ̀nrìrì yìí ni à ń pè ní ìhanrun. Bí ọ̀nà bá pàdé pátápátá, ìhanrun yóò gé lójijì. Àyà àti ikùn yóò ṣì máa gbìyànjú, ṣùgbọ́n èémí kò ní wọlé.

Bí ìdíwọ́ yìí bá tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ó kéré tán, àwọn oníṣègùn yóò kà á sí ẹyọ kan. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ yóò máa relẹ̀ títí ọpọlọ yóò fi jí ara díẹ̀, iṣan yóò tún le, olùsùn yóò sì fi agbára mí kanlẹ̀ bí ẹni tó yọ nínú omi. Lọ́pọ̀ ìgbà, òun fúnra rẹ̀ kò ní rántí bí ilẹ̀ bá mọ́. Bí irú èyí tàbí ìdínkù èémí tó lágbára bá ṣẹlẹ̀ ní ìgbà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàrin wákàtí kan, wọ́n gbà pé àìsàn náà wà. Láti ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó ti wọ ipele àárín, bí ó bá sì tó ọgbọ̀n, ó ti le gan-an.

Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford, Amẹ́ríkà, lábẹ́ ìdarí Christian Guilleminault, ló fún àkójọpọ̀ àmì àìsàn yìí ní orúkọ tí ìmọ̀ ìṣègùn fi ń pè é ní 1976. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1956, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà ti yá orúkọ láti inú ìtàn àròsọ Charles Dickens tó jáde ní 1836 sí 1837, nítorí ọmọkùnrin sísanra kan nínú ìtàn náà tó máa ń sùn lójú iṣẹ́. Kókó kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí a fi sọ́kàn: láti ìpìlẹ̀ ni àwòrán aláìsàn yìí ti jẹ́ ti ọkùnrin tó sanra.

Bí ọ̀rá ikùn ṣe ń dé ọ̀fun

Ó lè ṣòro láti gbà pé ohun tó wà ní ikùn lè dí ọ̀fun. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ń gbà ṣe é.

Èkínní, ọ̀rá kì í dá dúró síkùn. Bí ènìyàn bá ń sanra, ọ̀rá ń wọ inú ahọ́n, ó sì ń kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ káà ọ̀fun. Àyè tí èémí ń gbà yóò dínkù, òde ọrùn yóò sì tóbi sí i. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi ń wọn ọrùn. Àwọn télọ̀ a máa rí i ṣáájú dókítà, nítorí wọ́n mọ oníbàárà tí ọrùn bùbá rẹ̀ ti ń fún un láti ọdún dé ọdún.

Èkejì, ọ̀rá ikùn ń ti iṣan pẹlẹbẹ tó pààlà láàrin àyà àti ikùn sókè, pàápàá bí ènìyàn bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Àyè tí ẹ̀dọ̀fóóró ní láti fẹ̀ yóò kéré. Ẹ̀dọ̀fóóró tó bá kún dáadáa ń fa kòmóòkun sísàlẹ̀, ìfàsísàlẹ̀ yìí sì ń na ògiri ọ̀fun kí ó má baà rọ̀ jù, gẹ́gẹ́ bí okùn àgọ́ ṣe ń na aṣọ àgọ́. Bí ìfà náà bá dínkù, ọ̀fun yóò tètè wó pàdé. Yàtọ̀ sí èyí, ọ́síjìn tó wà nípamọ́ nínú ẹ̀dọ̀fóóró tó kéré kò lè pẹ́ kí ó tó tán. Nítorí náà, ìdíwọ́ kúkúrú yóò ṣe ìpalára tó pọ̀.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rá tó yí ìfun, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ká kì í ṣe ẹrù lásán. Ó ń tú èròjà sínú ẹ̀jẹ̀, èròjà wọ̀nyí ń fa ìwúlé nínú ara, wọ́n sì ń ṣèdíwọ́ fún iṣẹ́ ínsúlínì. Àìsùn dáadáa náà sì tún ń mú kí ebi máa pa ènìyàn, kí ara sì máa kó ọ̀rá jọ. Báyìí ni ikùn ṣe ń ba oorun jẹ́, tí oorun tó bàjẹ́ náà sì ń sọ ikùn di ńlá.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Wisconsin, Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2000, fi hàn bí ìwọ̀n ara ti ṣe pàtàkì tó: ẹni tí ìwọ̀n ara rẹ̀ bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, iye ìgbà tí èémí rẹ̀ ń ní ìdíwọ́ ní wákàtí kan ń fi nǹkan bí ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i.

Ikùn àti ìbàdí: ọ̀nà méjì tí ara ń gbà tọ́jú ọ̀rá

Èdè Yorùbá ti pààlà láàrin ikùn àti ìbàdí tipẹ́tipẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ ìyìn fún obìnrin, ìbàdí ni wọ́n ń kì, wọn a ní ìbàdí àrán. Ikùn ńlá ni wọ́n sábà máa ń fi ṣàpèjúwe bàbá olówó. Nínú ìmọ̀ ìṣègùn, Jean Vague, dókítà kan ní Marseille, ilẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ irú ìpààlà báyìí múlẹ̀ ní 1947. Ó ṣàkíyèsí pé sísanra ní ọ̀nà ti ọkùnrin, èyí tó ń kóra jọ sókè àti síkùn, ló ń bá àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn rìn, ju sísanra ní ọ̀nà ti obìnrin lọ, èyí tó ń kóra jọ sí ìbàdí àti itan.

Họ́mónù ló ń darí ètò yìí. Ẹ́sítírójìn, tó pọ̀ lára obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù, ń darí ọ̀rá lọ sí ìbàdí, itan àti abẹ́ awọ. Lára ọkùnrin, ọ̀rá máa ń tètè wọ inú ikùn, láàrin ìfun. Nítorí náà, bí ọkùnrin kan àti obìnrin kan bá sanra bákan náà lórí òṣùwọ̀n, ti ọkùnrin ni ó ṣeé ṣe kí ó ti ẹ̀dọ̀fóóró sókè jù.

Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà. Káà ọ̀fun ọkùnrin gùn ju ti obìnrin lọ, àpò aṣọ tó gùn sì máa ń tètè wó ju èyí tó kúrú lọ. Projẹ́sítírónì, họ́mónù obìnrin kejì, ń ta ọpọlọ jí láti mí. Àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ ń dáàbò bo obìnrin, ṣùgbọ́n ààbò tó ní ọjọ́ ni. Bí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, họ́mónù méjèèjì yóò relẹ̀, ọ̀rá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìbàdí lọ síkùn, ọ̀fun yóò sì pàdánù olùrànlọ́wọ́ rẹ̀.

Iye tí ìwádìí mú jáde bá àlàyé yìí mu. Ní Wisconsin, ní 1993, wọ́n ṣàyẹ̀wò òṣìṣẹ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọgbọ̀n ọdún sí ọgọ́ta. Ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin àti ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin ni èémí wọn ń ní ìdíwọ́ ní ìgbà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan. Ní Pennsylvania, ní 2001, ìwádìí mìíràn tó wo àìsàn náà nígbà tó bá ti ń fi àmì hàn rí i pé ó wà lára ìdá 3.9 nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin, ìdá 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù, àti ìdá 2.7 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró tí wọn kò sì lo họ́mónù. Èyí ni pé, lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dúró, iye náà ju ìlọ́po mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣé ibi kan náà ni ọ̀rá ti ń ṣe iṣẹ́ ibi yìí lára akọ àti abo? Ìwádìí kan ní Ìwọ̀ Oòrùn Ọsirélíà, tó jáde ní 2010, fi ẹ̀rọ wo bí ọ̀rá ṣe pín káàkiri ara àwọn tó ní àìsàn náà. Lára ọkùnrin, ọ̀rá ikùn àti bí ọrùn ṣe tóbi sí ní ìfiwéra pẹ̀lú ìbú ìdí sòkòtò ló ṣàlàyé bí àìsàn náà ṣe le tó jù lọ. Lára obìnrin, ọ̀rá ọrùn àti sísanra gbogbo ara lápapọ̀ ni. Ìtumọ̀ èyí kì í ṣe pé ikùn obìnrin kò léwu. Ó ń sọ pé ikùn nìkan kò tó láti fi mọ obìnrin tó wà nínú ewu. Ẹni tó bá ń wá ikùn ńlá kiri yóò rí ọ̀pọ̀ ọkùnrin, yóò sì fo obìnrin púpọ̀.

Ohun tí wọ́n rí ní Ilé-Ifẹ̀

Àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí wò lára àwọn alátọ̀gbẹ tó ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ wọn. Daniel Obaseki àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, tí Babatope Kolawole àti Gregory Erhabor wà lára wọn, gbé èsì rẹ̀ jáde nínú Nigerian Medical Journal ní 2014. Aláìsàn 117 ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà nínú ewu ńlá ìdádúró èémí lójú oorun, ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún sì ń tòògbé lọ́sàn-án ju bó ṣe yẹ lọ. Ju ẹnì kan lọ nínú mẹ́rin ni èyí, láàrin àwọn tó jẹ́ pé ìtọ́jú ṣúgà ni wọ́n bá wá sílé ìwòsàn, kì í ṣe ìtọ́jú oorun.

Irinṣẹ́ méjì ni wọ́n lò, ìwé ìbéèrè sì ni méjèèjì. Àkọ́kọ́ ni ti Epworth, tí Murray Johns ṣe ní Melbourne ní 1991. Ó ń bèèrè bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí ènìyàn tòògbé níbi mẹ́jọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èkejì ni STOP-Bang, tí àwọn dókítà Toronto gbé jáde ní 2008. Ìbéèrè mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀: ìhanrun, àárẹ̀ ọ̀sán, ẹlẹ́rìí tó rí i pé èémí dúró, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìwọ̀n ara, ọjọ́ orí tó ju àádọ́ta lọ, ọrùn tó ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ, àti pé ṣé ọkùnrin ni olúwarẹ̀. Ìwé ìbéèrè wúlò púpọ̀ níbi tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò oorun kò ti pọ̀, tí owó rẹ̀ sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a yẹ ìbéèrè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yẹn wò pẹ̀lú ojú obìnrin.

Ọkùnrin gba máàkì kan kó tó la ẹnu, nítorí pé ọkùnrin ni. Èyí nídìí, nítorí àìsàn náà pọ̀ lára ọkùnrin jù. Ọrùn tó ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ wọ́pọ̀ lára ọkùnrin. Obìnrin tí ọrùn tirẹ̀ jẹ́ 38 lè ti wà nínú ewu, síbẹ̀ kò ní rí nǹkan kan gbà. Ìhanrun ni ìbéèrè àkọ́kọ́, òun gan-an sì ni obìnrin ń tijú rẹ̀. Ó ku ẹlẹ́rìí. Ìyàwó ni ẹlẹ́rìí ọkọ. Ta ni ẹlẹ́rìí opó, tàbí ti ìyá àgbà tó ń dá sùn ní yàrá rẹ̀?

Àmì àìsàn náà pàápàá yàtọ̀. Ọkùnrin sábà máa ń wá sílé ìwòsàn nítorí ìhanrun tó ń dí ará ilé lọ́wọ́. Obìnrin ń wá nítorí orí fífọ́ láàárọ̀, àárẹ̀, àìróorunsùn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ìdíwọ́ èémí obìnrin máa ń kúrú, ó sì sábà máa ń ṣùjọ sí ìgbà tí olùsùn ń lá àlá. Bí a bá wá pín in kárí gbogbo òru, iye rẹ̀ ní wákàtí kan yóò dà bí ohun tó kéré, bẹ́ẹ̀ oorun rẹ̀ ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́ láti ilé ìtọ́jú oorun lókè òkun fi hàn pé ọkùnrin bíi mẹ́jọ ló ń wá fún obìnrin kan, nígbà tó jẹ́ pé láwùjọ, ọkùnrin méjì tàbí mẹ́ta ló wà fún obìnrin kan. Àwọn obìnrin tó kù wà nílé, oògùn àìróorunsùn tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń lò.

Èdè ìbéèrè

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n nìyí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àwọn ìwé ìbéèrè yìí. Ní Ilé-Ifẹ̀, nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ni yóò sọ wọ́n di Yorùbá lójú ẹsẹ̀ fún ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ ojú ẹsẹ̀ sì lè sọ ohun tí kò yẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè ẹlẹ́rìí. Bí nọ́ọ̀sì bá bi ọmọ pé, “Ṣé èémí ìyá yín máa ń dúró lójú oorun?”, ikú ni ó mẹ́nu bà. Bí ó bá yí i padà sí, “Ṣé wọ́n máa ń dákẹ́?”, kò tíì bọ́ nínú rẹ̀, nítorí ‘ó dákẹ́’ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń bo ikú lójú. Ọmọ tó mọ ọmọ í ṣe yóò yára dáhùn pé, “Ó tì o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Aláyẹ̀wò yóò sì kọ ‘rárá’ sílẹ̀. Ìbéèrè tó lè mú òótọ́ jáde ni èyí tó ṣàpèjúwe ìró: “Ṣé ìhanrun màmá máa ń gé lójijì, kí wọ́n tó tún mí kanlẹ̀ bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun?”

Ìbéèrè àárẹ̀ náà ní ìṣòro tirẹ̀. ‘Ó rẹ̀ mí’ lè jẹ́ ti iṣẹ́, ti àìsàn, tàbí ti ọ̀rọ̀ ayé. Ẹni tí àṣà sì ti kọ́ láti fi ‘a dúpẹ́’ dáhùn ìkíni kò ní sáré ka àárẹ̀ rẹ̀ fún àlejò. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní ‘òògbé’, ọ̀rọ̀ tó ya oorun tó ń gbé ènìyàn lọ láì fẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àárẹ̀ àti oorun gidi. Ohun tí Epworth ń wá gan-an nìyẹn. Ohun tó kù ni kí àwọn ibi tí wọ́n ń bèèrè bá ìgbé ayé ẹni tí à ń bi mu: ìdí ọjà lọ́sàn-án, ibi ìwàásù, inú ọkọ̀ èrò. Ìyá tí kò kàwé kò lè sọ bóyá òun ń tòògbé nídìí ìwé.

Ìtumọ̀ mìíràn tún wà tí àwùjọ ti fún jíjí lójijì lóru. Aina àti Famuyiwa kọ nípa ogun òru láàrin àwọn Yorùbá nínú Transcultural Psychiatry ní 2007. Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdààmú òru tí àwọn ènìyàn gbà pé ọwọ́ ayé wà nínú rẹ̀, tó sì pọ̀ lára obìnrin jù. Ogun òru kọjá ìdádúró èémí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni pa méjèèjì pọ̀. Síbẹ̀, obìnrin tó ń jí lóru pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé nǹkan ń fún òun lọ́rùn lè gba ilé àdúrà tàbí ilé adáhunṣe lọ, kí ó má sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò wo ọ̀fun rẹ̀ láé.

Òṣùwọ̀n àyálò

Òṣùwọ̀n ikùn náà ní àléébù. Ìwọ̀n tí àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ fi lélẹ̀ fún ikùn tó ti léwu ní ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà jẹ́ 94 sẹ̀ǹtímítà fún ọkùnrin àti 80 fún obìnrin. Láti ara àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n ti yá a, pé kí àwọn ọmọ Áfíríkà máa lò ó títí ìwádìí tiwọn yóò fi pọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwádìí ti fi hàn pé bí ìbú ikùn ènìyàn dúdú àti ti ènìyàn funfun bá dọ́gba, ọ̀rá tó wà láàrin ìfun ènìyàn dúdú sábà máa ń kéré ju ti ẹnì kejì lọ. Èyí tó wà lábẹ́ awọ ló máa ń pọ̀. Nítorí náà, nọ́ńbà 80 lè kó ọ̀pọ̀ obìnrin Ilé-Ifẹ̀ láyà jẹ láìnídìí, kí ọrùn àti oorun tó yẹ kí wọ́n wò má sì rí ẹni wò wọ́n.

Ìtọ́jú

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Àìsàn yìí ṣeé wò. Colin Sullivan ní Sydney fi hàn ní 1981 pé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba imú wọlé láìdáwọ́ dúró lè mú káà ọ̀fun ṣí sílẹ̀ jálẹ̀ òru. Ẹ̀rọ náà ṣì ni olórí ìtọ́jú, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ló ń lò, ìyẹn sì jẹ́ ìṣòro níbi tí iná kò ti dúró. Jíjò ìwọ̀n ara ń ràn ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, ó sì sábà máa ń ṣiṣẹ́ kíákíá lára ọkùnrin tí ọ̀rá rẹ̀ wà láàrin ìfun, nítorí ọ̀rá ibẹ̀ ló ń tètè yọ́. Ní oṣù Kejìlá 2024, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí tirzepatide, oògùn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí fún àìsàn yìí lára àwọn tó sanra rẹpẹtẹ.

Àwọn ohun tí kò ná ènìyàn lówó náà wà: fífi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn dípò ẹ̀yìn, yíyẹra fún ọtí àti oògùn oorun lálẹ́, nítorí méjèèjì ń mú iṣan ọ̀fun rọ̀ sí i. Kókó ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì fún obìnrin tí wọ́n ti fún ní oògùn oorun nítorí pé wọ́n rò pé àìróorunsùn lásán ló ń ṣe é.

Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé ọ̀rá ikùn ń ṣèdíwọ́ fún èémí lójú oorun nípa kíkún ọ̀fun, títi ẹ̀dọ̀fóóró sókè àti dída ara láàmú. Lára ọkùnrin, ikùn ni olórí ẹ̀ṣẹ̀. Lára obìnrin, họ́mónù ń dáàbò bò ó títí nǹkan oṣù yóò fi dúró, lẹ́yìn náà ni ewu rẹ̀ yóò gòkè; ọrùn àti sísanra gbogbo ara sì ń sọ nípa rẹ̀ ju ikùn nìkan lọ. Irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìbámu pẹ̀lú àwòrán ọkùnrin sísanra tó ń hanrun yóò máa fo irú obìnrin bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó sùn là á jí, a kì í jí apiroro. Àwọn tó sùn nínú ọ̀rọ̀ yìí kò mọ̀ pé àwọn ń ṣàìsàn. Ó di dandan kí ẹlòmíràn jí wọn. Iṣẹ́ dókítà ni láti wọn ọrùn alátọ̀gbẹ àti ti onífúnpá, kí ó sì bi ìyá tó ti lé ní àádọ́ta ọdún nípa orí fífọ́ òwúrọ̀ àti àìróorunsùn gẹ́gẹ́ bó ṣe ń bi ọkùnrin nípa ìhanrun. Iṣẹ́ onímọ̀ èdè ni láti jókòó pẹ̀lú dókítà náà, kí wọ́n jọ kọ ìwé ìbéèrè Yorùbá tí wọ́n ti dán wò lẹ́nu àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn opó àti àwọn ọmọ tó ń gbọ́ ohùn wọn lóru. Ilé-Ifẹ̀, tí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè ti wà lábẹ́ orúkọ yunifásítì kan náà, jẹ́ ibi tó yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.